Ojú Tí Mo Fi Ṣe Èènì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé. Lẹ́tà tí mo ti kọ sára ògiri àti pátákó kò lóǹkà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń ya ẹsẹ̀ adìyẹ ni mo ṣe ń yà wọ́n; ohun tí wọ́n ń sọ kò kàn mí. Ọmọ mi ní láti òní lọ, ohunkóhun tí Bàtà Dídán bá sọ nínú ilé yìí, a óò máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà yí i mọ́ wa lẹ́nu. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

Bàtà Dídán wá lónìí. Òun ni ọkùnrin ilé ìtẹ̀wé tó gbé iṣẹ́ ìwé àwọn abiyamọ fún mi. Àwòrán mẹ́jọ ni wọ́n ní kí n yà, mẹ́jọ ni mo yà, wọ́n sanwó, ó tán. Lọ́jọ́ tí mo kó wọn fún un, mo fi ẹyọ kan lé e. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré nìyẹn: ẹni tó bá sanwó láìfa ọ̀rọ̀ gùn, mo máa ń ṣe èènì fún un. Àwòrán ìyá ọmọ mi ni mo fi ṣe èènì náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó bá ìwé abiyamọ mu.

Èènì yẹn ni wọ́n ń wá báyìí. Bàtà Dídán ní oníbàárà ńlá kan rí i, ó wọ̀ ọ́ lójú. Ó yọ ìwé jáde, ó ní kí n tẹ àtàńpàkò sí i. Mo ní kó fi ìwé sílẹ̀ ká kà á.

"Bàbá, ìwé yìí kì í sùn níta," ló wí, ó dá a padà sínú àpò.

Nígbà tó ń sọ ọ́, ògiri ló ń wò. Kò wo ojú mi. Òjò rọ̀ lẹ́yìn tó lọ, àjà sì jò síbi tó ti máa ń jò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀dà funfun tún ti gbówó lórí. Mo ra agolo kékeré, mo bú ẹni tó tà á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bàtà Dídán tún dé, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá ọmọ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa rán ṣòkòtò tèmi?"

"Ìgbà tí ẹ bá jẹ́ ká ka ìwé yẹn," lọmọ mi wí. Ó nawọ́, ó ti gba ìwé náà kí ọkùnrin ọ̀hún tó mọ̀ pé òun ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Ó kà á sí mi létí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ní egungun. Àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà lórí àwòrán náà di tiwọn. Èkejì, títí ayé. Ẹ̀kẹta ni mo ní kó tún kà: mi ò gbọdọ̀ ya ojú yẹn mọ́, fún ẹnikẹ́ni, níbikíbi.

"Ojú wo?" ni mo bi í.

"Ojú inú àwòrán, Bàbá."

"Ojú ìyàwó mi ni."

"Mo mọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ta ló máa wá wo ohun tí ẹ ń yà nínú ilé yín?"

"Bí kò bá sẹ́ni tó máa wò ó, kí lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fún?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ iye owó. Ọmọ mi gbójú sókè wo ibi tí àjà ti ń jò. Èmi náà wò ó. Owó yẹn á pààrọ̀ gbogbo páànù ilé yìí, á tún ṣẹ́kù. Mo bi í léèrè ta ni oníbàárà náà. Ó ní oníbàárà ni. Mo ní kí ló ń tà. Ó ní oríṣiríṣi.

Ẹni tí kò lè dárúkọ ohun tó ń tà, kí ló fẹ́ rà lọ́wọ́ mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

A lọ rí Lọ́yà. Èmi ni mo kọ pátákó ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga ju orúnkún mi lọ. Ó gbé àga fún mi kó tó kúnlẹ̀ kí mi. Ó mọ ohun tó ń dun àgbà.

Ó ní, "Bàbá Ọlọ́dà, ẹ jẹ́ kó yé yín. Bébà tí ẹ ya àwòrán sí, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀tọ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ẹ bá ta ẹyin fún, ẹ ò tíì ta adìyẹ fún un."

"Mi ò tilẹ̀ ta ẹyin yìí. Mo fi tọrẹ ni."

"Kí lẹ sọ nígbà tí ẹ ń fún un?"

"Mo ní, 'Gba èyí, èènì ni, fi ṣe ohun tó bá wù ọ́.'"

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ta ló gbọ́?"

"Bàtà Dídán àti awakọ̀ rẹ̀."

"Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa gbé dìde sí wa. Ṣùgbọ́n bó bá dá wọn lójú pé ó tó, wọn ò ní máa sáré wá gba àtàńpàkò yín. Nǹkan kan ń lé wọn bọ̀."

Ó ní òun á kọ̀wé sí wọn pé ìwé abiyamọ nìkan la ṣe èènì náà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó síbòmíràn, kí wọ́n wá dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó dé, àti ìgbà tí wọ́n máa dáwọ́ dúró. Ó ní bí ẹni tó yá ènìyàn ní àkàbà ni. Ẹni tó yá a á gùn ún, á dá a padà. Mo bi í pé èélòó ni mo máa san. Ó ní kí n bá òun tún pátákó òun kùn.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ké sí wa láti òkè: "Bàbá, ẹ má tẹ nǹkan kan o! Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fi jẹ́rìí pé wọ́n kí yín káàárọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Oníbọ́tìnì òdìkejì títì wá kó ọjà fún ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń jókòó ka bọ́tìnì sínú agolo.

"Bàbá Ọlọ́dà, ojú yín le bí ilẹ̀kùn báǹkì. Ẹ fẹ́ ìyàwó, bóyá á rọ̀."

"Ìwọ ńkọ́, o ò rí ọkọ?"

"Mo rí yín. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ dìde, ó di etí tábìlì mú, ó fọwọ́ tẹ ikùn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní inú ló ń run òun díẹ̀, á lọ.

Bí ìyá ọmọ mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Á lọ. Mo ní kó lọ rí dókítà. Ó ní ẹni tó ń ta bọ́tìnì kò láyè dókítà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jókòó yà á, bí mo ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ìgbà tí a ti sin ín. Mi kì í sunkún. Ẹkún inú mi ti gbẹ bí ọ̀dà tí wọn ò dé. Ọwọ́ ni mo fi ń rántí rẹ̀: àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì, èjí iwájú ẹnu, ojú ọ̀tún tó wálẹ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ. Bí mo bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láìyà á, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe mọ́ títí ayé nìyẹn.

Ti èènì yẹn, ojú rẹ̀ ni mo wò yà á, nígbà tí inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń run ún. Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú kò jẹ́. Mo ní kó gbọ́wọ́ lé e, kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọmọ mi ní kí n mu omi kí n tó sọ ti òní. Mo ti mu ún.

Bàtà Dídán wọlé, kò bọ́ fìlà. "Ṣé ó ti wá di ọ̀rọ̀ lọ́yà láàárín wa, Bàbá?" Ó ṣí àpò láti yọ lẹ́tà Lọ́yà jáde, páálí kékeré kan sì bá a jáde, ó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò dìde mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Páálí oògùn inú rírun oníràwọ̀ ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ìràwọ̀ pupa lókè, obìnrin kan nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ti àtijọ́ kọ́ ló wà lára èyí. Ìyàwó mi ni. Fèrèsé wa ni. Ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn.

Páálí ti àtijọ́ ló kún inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Á gbé e sókè, á ní, "Wo obìnrin yìí. Wo bí ojú rẹ̀ ṣe tutù. Ṣé ẹni tí inú ń run nìyí?" Ó ń mu ún lọ títí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, tí dókítà bi wá pé níbo la ti wà. Oògùn náà ń pa ìrora. Ohun tó ń fa ìrora, kò fọwọ́ kàn án.

Mo sọ fún Bàtà Dídán pé, "Ohun tó mu nìyẹn."

Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, oògùn ni, kì í ṣe májèlé. Àìmọye ènìyàn ló ń mu ún, tí wọ́n ń sùn dáadáa."

"Òun náà sùn dáadáa."

"Ẹ gbọ́, wọ́n ti sọ owó yẹn di ìlọ́po méjì."

"Jáde nílé mi."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dúró de àwòrán yẹn. Èmi kọ́ ni mò ń lé yín kiri, Bàbá. Àwọn kan ń lé èmi gan-an."

Ó gba inú ẹrẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò wo ibi tí bàtà rẹ̀ ń tẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọkọ̀ dúdú kan dúró síwájú ilé láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ìwé ọmọdé fún mi ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe kàlẹ́ńdà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọmọ mi ní bóyá òjò ló fà á. Òjò wo ló mọ ilé yà báyìí?

Ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá láti ọ̀nà jíjìn, nínú òjò, láìsọ tẹ́lẹ̀. A jẹun tán kó tó la ẹnu.

"Àna mi, ṣé ìwọ nìkan lo ni ín ni? Kó tó di ìyàwó rẹ, àbúrò mi ni."

"Òótọ́ ni."

"Wọ́n ní bí ìwọ ò bá tẹ àtàńpàkò sí ìwé àwòrán rẹ̀, àwa ẹbí rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin kan. Bàtà rẹ̀ ń dán."

"O ti tẹ̀ ẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Owó ńlá ni. Òkú kì í mọ ibi tí a bá lẹ ojú rẹ̀ mọ́."

Ọmọ mi dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé páálí àtijọ́ kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n Màámi, ara èyí ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ rántí ẹ̀?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Òun ló ra púpọ̀ nínú páálí yẹn wá nígbà náà, òun ló ń kó o bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Wọ́n ní ìwé abiyamọ ni," ló ń wí ṣáá. "Wọ́n ní ìwé abiyamọ ni."

Ọmọ mi pe Lọ́yà lórí fóònù. Lọ́yà ní ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹ̀tọ́, àtàńpàkò ẹ̀gbọ́n kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àna mi jìn gan-an. Ẹni tó bá rìn débẹ̀ nítorí àwòrán kan kò ní padà lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n dá a padà! Awakọ̀ Bàtà Dídán ló gbé e wá, wọ́n fi bébà funfun wé e. Lẹ́tà bá a wá: àwọn kò ní lo àwòrán náà fún ohunkóhun. Ọmọ mi fi orin bọnu, ó ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ po. Lọ́yà náà ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nígbà tí mo jáde, ọkọ̀ dúdú ti lọ.

Mo gbé àwòrán náà sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Ihò abẹ́rẹ́ wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín la ojú rẹ̀ kọjá, ní ìbú àti lóròó, bí àwọ̀n ẹja. Wọ́n ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù kì í lọ tán. Bí àwa tí a ń kọ pátákó ṣe ń ṣe nìyẹn bí a bá fẹ́ gbé ojú kan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Èmi kọ́ ni mo fa ìlà náà.

Mo jẹ́ kí ọmọ mi jó tán. Lẹ́yìn náà mo ní, "Jókòó kọ ọ́. Wọ́n ti gbé e lọ."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Páálí tuntun ti jáde. Gbogbo ìsọ̀ tó wà ní títì ni wọ́n tò ó sí, iye kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Wọ́n ti bá a fọ ojú. Kò sí àpá, kò sí èjí, ojú méjèèjì dọ́gba bí ojú bèbí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní òun kọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní òun ni, ara rẹ̀ ti yá.

Lọ́yà ní òun á pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ní obìnrin mìíràn ni, ẹjọ́ náà sì lè hu ewú.

"Ó lè pẹ́ jù mí lọ," ni mo wí.

"Ó lè pẹ́ jù yín lọ, Bàbá. Mi ò ní tàn yín."

"Àìtẹ̀ tí mi ò tẹ̀ ẹ́, kí ló wá ṣe fún wa?"

"Wọn ò lè dá ọwọ́ yín dúró. Ojú rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ọwọ́ yín ló ṣì wà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Oníbọ́tìnì wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, ìró rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́, ó ń fi ọwọ́ dì í mú. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tíì rù.

"Bàbá Ọlọ́dà, ẹ̀yin ni ènìyàn burúkú! Ẹ ò sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ mi ti di olókìkí!" Ó tú àpò bọ́tìnì sórí tábìlì. Páálí mẹ́ta ló wà láàárín bọ́tìnì. "Wọ́n pa á lára dà díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ni kò ní mọ̀ ọ́n? Mo rí i, ọkàn mi balẹ̀."

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́: ó mu ún, ó kú.

"Ẹni tó mu ún tó kú ni wọ́n á wá ya síbẹ̀? Ẹ má jowú ìyàwó yín." Ó gbé páálí kan, ó ń fi àtàńpàkò pa á lójú. "Ẹni tó bá mi ka bọ́tìnì fún ọdún gbọọrọ, tí kò fi ẹyọ kan pamọ́ rí. Ṣé òun ló máa wá purọ́ fún mi?"

Ọmọ mi sá wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo jókòó láti yà á. Nígbà tí mo parí, kò sí àpá lójú rẹ̀. Ọwọ́ mi fò ó. Mo fa bébà náà ya, mo sì gbé agolo ọ̀dà sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ yà sára ògiri fún Lọ́yà; ó ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ kan, kí n má ya ìràwọ̀ wọn, ìyàwó mi nìkan ni kí n yà. Mo ní ọ̀rọ̀ kọ́ ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òjò dá láàárọ̀. Mo fi ọ̀dà funfun pa ògiri iwájú ilé, èyí tó kọjú sí títì, mo sì yà á tóbi tó fi ga jù mí lọ. Àpá ni mo kọ́kọ́ yà kí ọwọ́ mi má baà tún fò ó. Oṣù tó lò kẹ́yìn ni mo yà: eegun ọrùn tó yọ, ojú tó jìn wọlé, ọwọ́ lórí ikùn. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páálí funfun kún inú rẹ̀. Mi ò fi nǹkan kan sára páálí náà.

Ènìyàn ń dúró. Wọn ò sọ̀rọ̀ sókè. Bàtà Dídán wà ní òdìkejì lábẹ́ agboòrùn, fóònù létí. Ó pẹ́ kó tó sọdá.

"Bàbá, ta ló gbé iṣẹ́ yìí fún yín?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ dárúkọ iye tí wọ́n á san kí ẹ pa á rẹ́."

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nàka sí ògiri. "Bi í. Òun lo fẹ́ rà."

Ó wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n á wá o, Bàbá. Kì í ṣe èmi. Àwọn tó máa wá kò ní gbé ìwé dání."

"Kí wọ́n tó dé, ọ̀dà á ti gbẹ."

Oníbọ́tìnì jáde láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó rọra sọdá títì, ó ń di ìró rẹ̀ mú. Ó dúró níwájú ògiri. Ó gbé ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tó ti wọlé.

"Báyìí ló rí?"

"Báyìí ló rí."

"Ẹ ò jẹ́ kí n rí i nígbà náà."

"Òun ni kò gbà."

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Télọ̀, jọ̀ọ́, bá mi ti ìsọ̀ mi." Ọmọ mi ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ mi ti dé, òun ló ń kọ èyí. Wọ́n dá obìnrin náà dúró. Dókítà kò tíì sọ ohun tó jẹ́. Ó kàn bi í pé níbo ló ti wà. Ọkọ̀ dúdú ti padà síwájú ilé. Méjì ni báyìí, wọ́n sì tan iná wọn sí ògiri, ó hàn kedere ju bó ṣe hàn lọ́sàn-án lọ.

Ó ku ẹnu rẹ̀ tí mi ò tíì yà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ní kó rẹ́rìn-ín.